Ẹ Kú Ìtọ́jú Ìdí Ọpọ́n

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tí ẹ ń tẹ́ ọpọ́n ayò lọ́sàn-án títí di ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi odán ojúde ọba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ní gáréèjì níbi tí awakọ̀ ti ń dúró de èrò, ẹ̀yin ni mo tìtorí yín mú gègé lónìí. Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà pé iṣẹ́ ni. Eré lẹ pè é, ẹni tó bá sì gbọ́ ẹ̀rín tó ń ti ìdí ọpọ́n yín jáde kò ní bá yín jiyàn. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà nínú eré náà tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó rẹ̀, tí ìwé ìròyìn kì í sì í dárúkọ. Iṣẹ́ ọ̀hún ni kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ̀gbà yí ọpọ́n kan ká, kí wọ́n pariwo, kí wọ́n ta ko ara wọn, kí wọ́n fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, kí ilẹ̀ ṣú, kí kálukú sì padà sílé láìbínú sí ẹnì kejì. Ẹ ń ṣe é lójoojúmọ́. Ohun tí mo fẹ́ yìn yín fún nìyẹn.

Àwọn tó ń yin ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, fún ọgbọ́n orí ti pọ̀, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Ẹni tó lè fojú ka ọmọ ayò inú ilé mẹ́wàá lójú ọpọ́n láìfọwọ́ kàn wọ́n, tó mọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbéra, ọgbọ́n ńlá ló ní. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n orí nìkan kò lè gbé ìdí ọpọ́n dúró. Mo ti rí ibi tí ọ̀ta mẹ́ta wà tí ibùjókòó náà sì tú ká, torí pé kò sí ẹni tó ń kó ẹnu wọn níjàánu. Mo tún mọ ibi tí ayò ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mú, ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ dìde níbẹ̀. Ìwà ló fi ìyàtọ̀ sáàrin méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìkíni. Yorùbá kì í kí gbogbo ènìyàn bákan náà. Onídìrí a máa gbọ́ "Ojú gbooro o," a sì fèsì pé "Òòyà á yà á." Ìdí ọpọ́n ní tirẹ̀. Ẹni tó bá dé bá yín a ní, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ." Ẹ̀yin náà a dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ẹ wo bí ìkíni kékeré yìí ti ṣètò ilé kalẹ̀. Àlejò kò bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ kó tó kí ènìyàn. Kò kí ẹni tó ń borí nìkan, ó kí ẹni tí wọ́n ń jẹ lójú méjèèjì pẹ̀lú. Ìdáhùn náà sì sọ fún un, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé ibí yìí ní àwọn tó mọ̀ ọ́n àti àwọn tó ń kọ́ ọ, kó kọ́kọ́ wò kó tó sọ̀rọ̀. Gbogbo yín lẹ sì ń dáhùn pọ̀, torí kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ọ̀pẹ. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Ẹ kò lé àlejò, ẹ kò sì jẹ́ kó dé bí ẹni tó bá ogún bàbá rẹ̀ nílẹ̀.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí tí wọn kò tíì jókòó ti ọpọ́n rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ihò méjìlá tí à ń pè ní ilé ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kìíní, mẹ́fà níwájú ẹnì kejì. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ló ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹni tó kàn yóò kó gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé rẹ̀ kan, yóò sì máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé tó tẹ̀ lé e, láti òsì lọ sí ọ̀tún ní apá tirẹ̀, kó tó yí gba apá ẹnì kejì. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ilé alátakò, tó sì sọ ilé náà di olómọ méjì tàbí mẹ́ta, ó ti jẹ ẹ́. Bí ilé tó ṣáájú rẹ̀ ní apá ibẹ̀ náà bá tún di méjì tàbí mẹ́ta, yóò jẹ ìyẹn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa padà sẹ́yìn títí yóò fi kan ilé tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kó 25 ti borí. Ìyókù, bíi bí a ṣe ń kó odù, ìyẹn ọmọ púpọ̀ nínú ilé kan, jọ àti ìgbà tó yẹ kí a tú u, ọwọ́ àwọn ọ̀ta ni kí ẹ ti lọ gbà á.

Òfin kan wà tí mi ò lè fò. Bí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alátakò rẹ bá ṣófo, tí kò ní ọmọ kan tí yóò ta, o kò lè káwọ́ gbera kí o máa wò ó. Ní òfin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, bí o bá ní ọmọ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí o ta á kó rí nǹkan fi ṣeré. Àfi bí kò bá sí ọ̀nà rárá ni eré tó parí. Àwọn tó gbé òfin yìí kalẹ̀ mọ ènìyàn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń borí a máa gbàgbé pé ẹnì kejì ló sọ ọ́ di aborí, pé bí ẹni yẹn bá dìde lọ, òun nìkan ni yóò jókòó ti igi gbígbẹ́ àti èso igbó. Nítorí náà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sínú òfin eré, wọn ò fi í sílẹ̀ fún àánú.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó gan-an ni ẹnu. Ìdí ọpọ́n kì í dákẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé eré olóye gbọ́dọ̀ jẹ́ eré ìdákẹ́rọ́rọ́ kò tíì rí ayò tó gbóná. Àwọn méjì ló ń ta, àwọn tó yí wọn ká ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù. Wọn a máa ki ọ̀ta, wọn a máa bú ọ̀pẹ, wọn a máa sọ ohun tí àwọn ìbá ta ká ní àwọn ni. Ẹlòmíràn á rántí ayò tí wọ́n ta lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, á sì tún un ta lẹ́nu. Ẹlòmíràn á kàn máa rẹ́rìn-ín sí orí ẹni tó ń ronú. Ní ibòmíràn, òǹwòran lè gba atayò nímọ̀ràn ní gbangba. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, wọn ò gbà á láàyè, wọ́n ní kí kálukú fi orí ara rẹ̀ ta. Ibi méjèèjì ni mo bọ̀wọ̀ fún, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá mọ èyí tí ibùjókòó náà ń tẹ̀ lé. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ìmọ̀ràn ti jẹ́ èèwọ̀ fún àlejò ṣùgbọ́n tí ọ̀rẹ́ ọ̀ta ń gbani nímọ̀ràn bó ṣe wù ú.

Ohun tó wú mi lórí nípa yín ni pé ẹ fún ẹnu láyè, ẹ sì fún un ní ààlà. Mo ti jókòó pẹ̀lú yín tó láti mọ ààlà náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sára igi. Ẹ lè sọ pé ẹnì kan ò mọ ayò ta. Ẹ lè sọ pé ewúrẹ́ ìbá ta á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè bi í bóyá ó sùn lóru àná. Ṣùgbọ́n ẹ kì í dárúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ kì í sọ pé torí pé kò níṣẹ́ ló ṣe ń ta ayò. Ẹ kì í mú ọ̀rọ̀ ìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ wá síbẹ̀, tàbí ti ọmọ tí kò bí, tàbí ti ìlú tó ti wá. Ayò tó ta ni ẹ ń bú, ẹ kì í bú òun tìkára rẹ̀. Ó dà bí nǹkan kékeré lójú ẹni tí wọn kò bú rí. Ẹni tí wọ́n ti fi àléébù rẹ̀ ṣẹ̀sín lójú agbo mọ̀ pé kò kéré. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ẹ̀yin sì ń gbé ẹyin náà kiri láàrin ariwo lójoojúmọ́, kì í sì í já bọ́.

Bó bá fẹ́ já bọ́, mo ti rí bí ẹ ṣe ń gbà á. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ayò ń dùn mọ́ jù sọ ọ̀rọ̀ kan nípa gbèsè tí ẹni tó ń bá a ta jẹ. Òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò mọ̀. Bàbá kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó kàn na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọpọ́n mọ́lẹ̀. Eré dúró. Kò sí ẹni tó bi í ní ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ọwọ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Bàbá ní, "Èmi kọ́ lo ṣẹ̀." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá yíjú sí ẹni tó ń bá a ta, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n." Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ń bá ayò lọ láti ibi tí wọ́n dé, kò sí ọmọ kan tó yẹ̀ kúrò nínú ilé rẹ̀. Kò sí ìwàásù. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbà púpọ̀ ló wà lọ́jà tí wọn kò mọ bí a ṣe ń gbé orí ọmọ náà sókè láì fìyà jẹ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Mo kí àwọn òǹwòran pẹ̀lú, torí ọwọ́ wọn. Ẹnu lè gbòòrò, ọwọ́ kò gbọdọ̀ dé ojú ọpọ́n. Òǹwòran kì í fi ìka tọ́ka débi pé yóò kan ọmọ, kì í kó ọmọ jọ fún ẹni tó ń ta, kì í sì í ka odù fún un. Bí ọmọ kan bá fò jáde bọ́ sílẹ̀, a máa jẹ́ kí àwọn tó ń ta mú un fúnra wọn. Àwọn tó ń ta náà ní tiwọn. Ẹni tó bá ti kó ọmọ inú ilé kan sọ́wọ́ ti ta á nìyẹn, kò lè dá a padà kó lọ kó òmíràn nítorí pé òǹwòran kan mí kanlẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbà kí ọ̀pẹ dá a padà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Èmi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn, bí ọ̀ta bá ti gbà á fún un kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni àánú tí wọ́n dá sílẹ̀ láàrin eré fún ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ràn.

Kí ni kí n sọ nípa ọ̀ta tó ń kọ́ ọ̀pẹ? Ayò kò ní ilé ìwé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀pẹ lè gbà di ọ̀ta ni pé kí ẹni tó jù ú lọ gbà láti bá a ta, kó jẹ ẹ́, kó sì tún bá a ta. Ó ń ná ọ̀ta ní nǹkan. Ó lè lo ọ̀sán yẹn pẹ̀lú ẹni tí yóò mú orí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ń wo ọmọkùnrin kan tó ń tú odù rẹ̀ ká kí àkókò rẹ̀ tó tó, ó sì ń jẹ́ kó tú u, torí ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀kún bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣí kúrò lórí. Àwọn ọ̀ta tó dára jù lọ tí mo mọ̀ kì í sọ ohun tó yẹ kí ọ̀pẹ ta. Bí eré bá parí, wọn a dá ọmọ padà sí bó ṣe wà nígbà tí nǹkan bà jẹ́, wọn a ní, "Wò ó. Kí lo rí?" Ọ̀pẹ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ẹni tó ń dé ní àsìkò, tó ń kí ènìyàn, tó ń wò láìdá sí i, tó ń gbá ìdí ọpọ́n kí àwọn àgbà tó jókòó, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi ní kó jókòó síwájú ọpọ́n.

Apá kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òkodoro ọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí pé oríyìn tí kò ní òótọ́ nínú kò níyì. Ìdí ọpọ́n wa ti jẹ́ ti ọkùnrin fún ìgbà pípẹ́. Ọmọbìnrin tó bá dúró wo ayò, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò bi í bóyá wọ́n rán an níṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn kan wà láàrin yín tó ti ń ṣí àyè sílẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn jókòó kó ta, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jíjẹ́ obìnrin rẹ̀ bú u bó bá pàdánù. Ẹ̀yin wọ̀nyí ni mo kí ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Ẹ ti mú òfin tí ẹ ti ń lò láti ọjọ́ yìí, pé ayò ni kí a bú, kí a má bú atayò, ẹ sì mú un dé ibi tó yẹ kó dé. Kí àwọn ìyókù tẹ̀ lé yín.

Mo kí àwọn tó lé owó kúrò nídìí ọpọ́n. Kò rọrùn. Ẹnì kan á dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́, á ní kí wọ́n fi ta, kí ayò lè dùn. Ayò tí owó bá wọ̀ á dùn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín á kọ́kọ́ lọ, ọ̀pẹ á tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù níbẹ̀ á wá di ti ta ló jẹ ta ní gbèsè. Bí ẹni tó pàdánù bá ra àkàrà fún gbogbo ilé, ìyẹn yàtọ̀, ìdùnnú gbogbo wa ni.

Ẹ tún kú ìmọ̀-ìgbà. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé a kì í ta ayò lóru, pé àwọn mìíràn tí a kò rí ló ń ta á nígbà yẹn. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí ojú ọ̀run bá ti pọ́n, ẹnì kan á kó ọmọ sínú àpò, kódà bí ayò bá ku díẹ̀ kó parí, inú kò sì ní bí ẹnikẹ́ni. Ọ̀mì ni wọn yóò pè é. Oúnjẹ ń bẹ nílé, aya àti ọmọ ń retí wọn. Eré tó mọ ìgbà tó yẹ kó parí kì í di àṣà burúkú.

Ní ọdún 1977, A. O. Odeleye tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn lórí ayò Yorùbá, tó fi ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò jókòó tì í rí. Ó yẹ kí a kí irú àwọn bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan tí a fi ẹnu nìkan gbé kiri ló ti sọ nù mọ́ wa lọ́wọ́. Ayò tún ti wọ inú àwọn eré ìbílẹ̀ tí wọ́n ń díje lé lórí níbi Ìdíje Eré-Ìdárayá Orílẹ̀-Èdè, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1973. Níbẹ̀, adájọ́ ní ìwé òfin lọ́wọ́, ariwo kò sì pọ̀. Mo yọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ti ibẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí níbi tí wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń pàdánù láìsunkún àti bí a ṣe ń borí láìgbéraga, kì í ṣe ọwọ́ adájọ́ ni. Ọwọ́ yín ni, lábẹ́ igi.

Ẹ má rò pé àdúgbò yín nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn ará Afíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù Káríbíánì gbé eré yìí lọ́kàn, títí di òní wọ́n ṣì ń ta á ní Antigua àti Barbados, wọ́n sì ń pè é ní warri. Wọn kò lè gbé ọpọ́n dání nínú ọkọ̀ ojú omi. Òfin eré ni wọ́n gbé, wọ́n sì rí ibi tí wọ́n máa fi ṣe ilé àti ohun tí wọ́n máa fi ṣe ọmọ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ní ọdún 2002 ẹ̀wẹ̀, ọ̀mọ̀wé méjì ní yunifásítì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà tó lágbára gan-an wo gbogbo bí ọmọ ṣe lè wà lójú ọpọ́n awari, tí òfin rẹ̀ sún mọ́ tiwa pẹ́kípẹ́kí. Ó lé ní bílíọ̀nù 889. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀mì ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa èyí, mo bi ara mi bóyá ó yẹ kó ba wá nínú jẹ́. Kí ló kù nínú eré tí ẹ̀rọ ti mọ òpin rẹ̀? Lójú mi, ó fi iṣẹ́ yín hàn gbangba ni. Ẹ̀rọ yẹn kò kí ọ̀ta, kò kí ọ̀pẹ. Kò sí ẹni tó fi í ṣẹ̀sín, kò sì sí ẹni tó gbé ọwọ́ lé ọpọ́n nígbà tó sọ ìsọkúsọ. Ó mọ ibi tó yẹ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, kò sì mọ ìdí tí bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún fi ń rìn láti ilé rẹ̀ dé ìdí igi lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ pé ìborí nìkan là ń wá, gbogbo wa ni à bá ti lọ ra ẹ̀rọ. Ẹ ṣì wà níbẹ̀ nítorí àwọn ènìyàn.

Kí n tó dákẹ́, mo kí àwọn tó ń wọ igbó lọ já ọmọ ayò lára igi ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀. Èèpo tó bo èso náà ń gún ni lọ́wọ́, ọmọ inú rẹ̀ sì dán, ó le, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú. Ó lè wà lójú ọpọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfọ́. Mo kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ ọpọ́n, pàápàá àwọn tó ń gbẹ́ èyí tó ṣeé ká pọ̀ bí ìwé. Mo kí àwọn ọmọdé tí kò ní ọpọ́n, tí wọ́n ń gbẹ́ ihò méjìlá sínú ilẹ̀, tí wọ́n ń fi òkúta ta á, tí wọ́n sì ń bú ara wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ kí àwọn bàbá wọn máa bú ara wọn, láìdárúkọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wa àti àwọn tó ń fẹ ọ̀nà. Kí ẹ tó gé igi odán tó wà lójúde, ẹ wò ó bóyá ìjókòó wà nídìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ dandan kí igi náà lọ, ẹ pe àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ kí ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n fẹ́ kí ẹ bá wọn gbin òmíràn sí, kí ẹ sì fi ìjókòó alámọ̀ tàbí ti sìmẹ́ńtì sí abẹ́ rẹ̀, tó gùn tó fún àwọn tó ń ta àti gbogbo àwọn tó ń pariwo lé wọn lórí.